Alẹ́ Elégédé: Ìgbéyàwó Halloween Nílé, ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Ẹ má kọ́ màrìwò sẹ́nu géètì. Kò wọ́n, òótọ́ ni. Ó máa ń fì lẹ́lẹ́ nínú atẹ́gùn, bí ẹ bá sì tan iná sí i láti ìsàlẹ̀, kò sí ohun tí wọ́n ń tà lọ́jà tó lè dẹ́rù bani tó bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, màrìwò lẹ́nu ọ̀nà ní ohun tó ń wí, ó sì ti ń wí i kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ Halloween, ọdún ìdẹ́rùbani àwọn òyìnbó: ibi awo rèé, ọ̀gbẹ̀rì má wọ̀ ọ́. Ìyá ìyàwó tó bá ti Ìkẹ́nnẹ́ wá pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀, tó sì bá màrìwò lẹ́nu ọ̀nà lálẹ́, á ní kí awakọ̀ yí mọ́tò padà. Kò ní kọ́kọ́ tẹ̀ yín láago.

Gbogbo ìṣòro tó wà nínú ìgbéyàwó Halloween nílẹ̀ yìí ló wà nínú ọ̀rọ̀ màrìwò yẹn. Ní Amẹ́ríkà, ẹ̀rù jẹ́ ohun ìṣeré tí wọ́n ń rà ní ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n ń dà nù lọ́jọ́ kejì. Lọ́dọ̀ wa, ẹ̀rù ní ẹni tó ni ín. Agẹmọ ní tirẹ̀, Orò ní tirẹ̀, Eégún ní tirẹ̀, Òṣùgbó sì ní ilédì. Kò sí ẹni tó ń yá nǹkan onínǹkan lò fún àríyá. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká yọ ẹ̀rù kúrò nínú rẹ̀ pátápátá, ká wo ohun tó ṣẹ́ kù: iná, elégédé, dúdú pẹ̀lú àwọ̀ ọsàn, àdídùn fún àwọn ọmọdé, aṣọ tó yani lẹ́nu. Èyí tó ṣẹ́ kù yìí tó í ṣe ìgbéyàwó. Lójú tèmi, ó dára ju èyí tí wọ́n ń ṣe nílẹ̀ òkèèrè lọ.

Òun náà ló sì sún mọ́ ìpìlẹ̀ ọdún náà jù. Orúkọ Halloween kò ju àìsùn Ọjọ́ Gbogbo Ènìyàn Mímọ́ lọ: 31 oṣù kẹwàá ni alẹ́ tó ṣáájú 1 oṣù kọkànlá, tí Kátólíìkì àti Áńgílíkà ń rántí àwọn ènìyàn mímọ́. Àwọn ará Ireland àti Scotland ti ní ọdún tiwọn tẹ́lẹ̀ lásìkò yẹn, Samhain, nígbà tí ìkórè bá parí tí òtútù sì fẹ́ wọlé. Gbòǹgbò kan tí wọ́n ń pè ní turnip ni wọ́n ń gbẹ́ nínú, tí wọ́n ń gbé iná sí. Nígbà tí àwọn ará Ireland rọ́ lọ sí Amẹ́ríkà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni wọ́n bá elégédé pàdé níbẹ̀. Ó tóbi ju turnip lọ, ó sì rọ̀ ọ́n gbẹ́. Iná lẹ́nu ọ̀nà, kí ohun tó wà nínú òkùnkùn má bàa wọlé: ohun tí elégédé wà fún nìyẹn. Yorùbá kò sì ṣàjèjì sí i. Alẹ́ ni wọ́n ń sin ìyàwó lọ sílé ọkọ láyé àtijọ́, tòun ti fìtílà, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n sì ti ń fi omi fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kó tó wọlé. Bí ẹ bá fi ẹsẹ̀ fífọ̀ yìí ṣe ọkàn alẹ́ náà, tí elégédé tó ń tàn sì tò sí ọ̀tún àti òsì ìyàwó láti géètì dé ẹnu ilẹ̀kùn, kò sí àgbàlagbà tó máa béèrè ohun tí òyìnbó wá ṣe níbẹ̀.

Lọ́dún 2026, 31 oṣù kẹwàá bọ́ sí Sátidé. Ó rọrùn, ó sì ní ìdẹkùn tirẹ̀. Òun náà ni Sátidé tó parí oṣù, bí ìmọ́tótó òwúrọ̀ bá sì wà lójú ọ̀nà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, mọ́tò alásè àti ti oníkánópì kò ní rìn títí agogo 10. Ẹ jẹ́ kí kánópì, àga àti ìkòkò ńlá dé ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀. Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e ni 1 oṣù kọkànlá, Ọjọ́ Gbogbo Ènìyàn Mímọ́ gan-an, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì sì máa ń ṣe ìdúpẹ́ ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù. Tọkọtaya tó fẹ́ lọ dúpẹ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ìlù dún kọjá agogo 11 alẹ́. Ẹ tún wo òṣùpá. 26 oṣù náà ló máa kún, nítorí náà ní alẹ́ 31, ó máa kọjá agogo 11 kó tó yọ. Oòrùn á ti wọ̀ ní nǹkan bí agogo 6:30. Ó ju wákàtí mẹ́rin àtààbọ̀ lọ tí kò ní sí ìmọ́lẹ̀ kankan àfi èyí tí ẹ bá tàn fúnra yín. Oṣù Ọ̀wàrà la sì wà, orúkọ rẹ̀ ti kìlọ̀: òjò ìrọ̀lẹ́ tí ń fi ìjì ṣáájú kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀ nígbà yẹn.

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni, ẹ béèrè ní ààfin, tàbí lọ́dọ̀ baálẹ̀ àdúgbò, bóyá ètò ìbílẹ̀ kan bọ́ sí ọ̀sẹ̀ náà. Ọjọ́ Orò kì í ṣe ọ̀kan náà ní gbogbo ìlú, bí wọ́n bá sì ti kéde ìsémọ́lé fún obìnrin, kò sí ìyàwó tó máa jáde sínú ọgbà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni, àgbà ọkùnrin ilé ló sì yẹ kó lọ bi í, pẹ̀lú ohun mímu lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ òfin. Àwọn kan rò pé àwọn lè gba ìwé ìgbéyàwó nínú ọgbà, láàárín elégédé. Òfin Ìgbéyàwó Nàìjíríà kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọ́fíìsì ìjọba, agogo 10 òwúrọ̀ sí 4 ìrọ̀lẹ́ ni. Ní ilé ìjọsìn tó ní àṣẹ, agogo 8 òwúrọ̀ sí 6 ìrọ̀lẹ́ ni. Ìwé àṣẹ àkànṣe láti ọ̀dọ̀ mínísítà wà nínú òfin fún ibòmíràn, ṣùgbọ́n kò yẹ kéèyàn lọ dààmú mínísítà nítorí elégédé. Ẹ lọ fi orúkọ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án. Wọ́n á lẹ ìkéde mọ́ ara ògiri fún ọjọ́ 21, láàárín oṣù mẹ́ta tí ẹ fi orúkọ sílẹ̀ ni ẹ sì gbọ́dọ̀ ṣe é, àìṣe bẹ́ẹ̀ ẹ máa tún un bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́bọ̀ 29 tàbí Jímọ̀ 30 dára fún kọ́ọ̀tù. Ní Sátidé, ìdána nílé ló kù.

Ìdána yẹn, ẹ má fi Halloween kàn án rárá. Ojúmọmọ ni kí ó wáyé, láti agogo 11 sí agogo 2 tàbí 3, pẹ̀lú alága ìdúró àti alága ìjókòó, ìdọ̀bálẹ̀, ìwé kíkà, gbogbo ẹrù ìdána bí ìdílé bá ṣe kọ ọ́: iṣu 42, obì 42, orógbó 42, atare, oyin, iyọ̀, àádùn. Kò sí adán lára ògiri, kò sí aṣọ dúdú. Lẹ́yìn ìyẹn ni wákàtí mẹ́ta tó ṣófo á wà, tí àwọn àgbà á fi sinmi, tí ẹ̀yin á sì fi yí ọgbà padà. Ẹni tó bá po méjèèjì pọ̀ ló máa ń rí ìjà bàbá ìyàwó. Ẹni tó yà wọ́n sọ́tọ̀ á rí i pé bàbá kan náà á jókòó títí alẹ́, á ní kí wọ́n gbé elégédé kan sí tábìlì òun.

Àwọn òbí gbọ́dọ̀ mọ̀ ṣáájú kí káàdì tó jáde, kì í ṣe láti orí fóònù ọmọ àbúrò wọn. Ẹ má parọ́ fún wọn pé kì í ṣe Halloween. Ẹ sọ ohun tó wà níbẹ̀ àti ohun tí kò ní sí: kò sí ìbòjú, kò sí pósí, kò sí ohun tó jọ ẹ̀jẹ̀, kò sí òkú. Pásítọ̀ tàbí àáfáà ìdílé náà á béèrè, ìdáhùn kan náà ni. Lórí káàdì, Alẹ́ Elégédé ló dára láti kọ. Orúkọ yẹn sọ ohun tí wọ́n máa rí gan-an, kò sì ní fún ẹ̀gbọ́n tó wà ní Ìlíṣàn láyè láti máa wá ìtumọ̀ rẹ̀ káàkiri lórí WhatsApp.

Aṣọ ẹbí wá di ìṣòro kejì, torí pé dúdú ni aṣọ ọ̀fọ̀. Ìyá méjèèjì kì í fẹ́ wọ dúdú ibi ìgbéyàwó ọmọ wọn, wọn kò sì jẹ̀bi. Ojútùú rẹ̀ ti wà nínú aṣọ òkè tipẹ́: ẹtù. Aró tó jinlẹ̀ ni, tó fi jẹ́ pé dúdú ni ojú máa ń kà á sí lábẹ́ iná alẹ́, síbẹ̀ aṣọ iyì ni, aṣọ olówó, kò sẹ́ni tó ń fi ẹtù ṣọ̀fọ̀. Ẹ fi ẹtù ṣe ìró àti ìborùn, ẹ fi gèlè aláwọ̀ ọsàn tàn án. Àwọn ọkùnrin á wọ fìlà ẹtù lé agbádá aláwọ̀ ọsàn tó ṣá díẹ̀, èyí tó jọ ìpara osùn, kì í ṣe èyí tó ń kọ mànà bí aṣọ àwọn tó ń ṣe títì. Ìyàwó lè gba àlàárì, kó yàtọ̀ sí gbogbo ilé. Ẹ sọ fún ahunṣọ ní ó kéré tán oṣù mẹ́ta ṣáájú, kí ẹ sì gba ẹ̀já kan lọ́wọ́ rẹ̀ láti wò lábẹ́ gílóòbù lálẹ́. Àwọ̀ ọsàn mìíràn máa ń di pupa lábẹ́ iná, òmíràn á di ìyeyè. Ní ti àlejò tó fẹ́ wọ aṣọ àrà, ẹ sọ fún un kó wọ̀ ọ́ láìbo ojú. Ẹni tó ti rí Ojúde Ọba rí mọ̀ pé Ìjẹ̀bú kò nílò ìbòjú kí aṣọ rẹ̀ tó dá èèyàn dúró lójú ọ̀nà.

Elégédé fúnra rẹ̀ ńkọ́? Tiwa kì í ṣe ti Amẹ́ríkà. Èèpo rẹ̀ le, ẹran inú rẹ̀ nípọn, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló jẹ́ àwọ̀ ewé tó ní ẹ̀yọ́ funfun tàbí ìyeyè lára. Ẹ má kun ún ní ọ̀dà. Inú rẹ̀ ló jẹ́ àwọ̀ ọsàn, bí ẹ bá sì ha inú náà títí ògiri rẹ̀ fi ku nǹkan bí sẹ̀ntímítà méjì àtààbọ̀, ojú ihò tí ẹ dá sí i á máa mọ́lẹ̀ yòò bí ẹyin iná. Fún àlejò 120, tábìlì 12 ni, ẹlẹ́ni mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ẹ ra kékeré 12 fún orí tábìlì, ńlá 8 fún ojú ọ̀nà ìyàwó, kí ẹ fi 4 lé e nítorí èyí tó máa bàjẹ́. Ẹ bá àwọn aláta ní ọjà Òkè-Ajé, Ìjẹ̀bú-Òde, sọ̀rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú. Bí ẹ bá ń wá èyí tó tóbi, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò Hausa ní Sábó, Ṣàgámù. Kàbẹ̀wà ni wọ́n ń pè é. Ẹ mú èyí tí ìdí igi rẹ̀ ṣì wà lórí, tí ìka kò wọ̀ lára níbikíbi. Èyí tí ìdí igi rẹ̀ ti já, ibẹ̀ ló ti máa kọ́kọ́ jẹrà.

Ìgbà tí ẹ gbẹ́ ẹ ló ń sọ bó ṣe máa pẹ́ tó. Nínú ooru wa, elégédé tí ẹ gbẹ́ lọ́jọ́ Wẹsidé á ti hu èbu ní Sátidé. Ọ̀sán Jímọ̀ ló yẹ. Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti gé e, ẹ má ṣí i lórí: ìdérí orí máa ń sún kì, á jìn sínú, ṣùgbọ́n èyí tí ẹ gé ní ìsàlẹ̀, ẹ kàn máa gbé e bo iná mọ́lẹ̀ ni. Ọ̀bẹ ìdáná kò dára fún iṣẹ́ yìí, ó máa ń há, á sì yọ sí ọwọ́ ẹni. Ẹ lo abẹ ayùn tí àwọn oníṣẹ́ omi fi ń gé páìpù, ẹ di aṣọ mọ́ ìdí rẹ̀. Èyí tó tún rọrùn jù ni dírílì: ẹ lẹ páálí tí ẹ ya àrà àdìrẹ sí mọ́ ara elégédé, kí ẹ fi ẹnu dírílì mílímítà 6 àti 10 lu ihò tẹ̀ lé ìlà náà. Ogún ìṣẹ́jú, ọ̀kan ti parí. Kò sí ojú burúkú, kò sí eyín, àrà àdìrẹ ló máa hàn lára ògiri bí iná bá tàn. Lẹ́yìn náà, ẹ po Jik, ìwọ̀n ṣíbí ńlá kan, mọ́ omi lítà mẹ́rin, ẹ wọ́n ọn sínú àti sára ojú ọgbẹ́ rẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ fi fasilín pa ẹnu ihò kó má bàa ká kò. Ibi tútù, lábẹ́ òjìji, ni kó sùn sí. Iná LED oníbátìrì ni kí ẹ gbé sínú rẹ̀. Àbẹ́là máa ń se elégédé láti inú, láàárín wákàtí méjì ó ti ń rùn.

Ẹni tí kò bá rí elégédé tó tó, kó ra akèrègbè àti igbá gbígbẹ. Dírílì kan náà ló máa lu ú, kò ní jẹrà láéláé, ó sì fúyẹ́ láti so kọ́ igi. Ẹ bo imú nígbà tí ẹ bá ń lu ú, ekuru inú rẹ̀ máa ń ta ni lọ́fun. Bó bá wù mí kí n sọ òótọ́, akèrègbè ni mo fẹ́ràn jù.

Iná ni kí ẹ náwó lé. Ibi tí ẹ ti lè ṣún owó ná pọ̀, iná kò sí lára rẹ̀. Fún ọgbà tó tó mítà 15 ní 20, okùn gílóòbù 6 tó gùn ní mítà 10 á kárí. Ẹ ri ọparun mọ́lẹ̀ ní 60 sẹ̀ntímítà, ẹ fi mítà mẹ́rin sáàárín ọ̀kan àti èkejì, ẹ kọ́kọ́ na okùn náílọ̀nù láti orí ọ̀kan dé orí èkejì, lẹ́yìn náà kí ẹ wá so wáyà gílóòbù mọ́ okùn yẹn. Wáyà tí ẹ jẹ́ kó gbé ara rẹ̀ á ya níbi ìsopọ̀ bí ìjì bá dé. Ẹ to iná ilẹ̀ 12 sí ìdí ọ̀pẹ àti ògiri, ní nǹkan bí 30 sẹ̀ntímítà sí i, kó kọjú sókè. Àwọ̀ ọsàn ni kó pọ̀ jù, elésè àlùkò díẹ̀. Iná aláwọ̀ ewé àti aláwọ̀ búlúù máa ń jẹ́ kí ojú adúláwọ̀ rí bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde àìsàn nínú fọ́tò, nítorí náà ibi tí tọkọtaya bá jókòó sí gbọ́dọ̀ ní iná funfun tó rọ̀ méjì, ọ̀kan ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì, lókè orí. Ẹ tan gílóòbù funfun kan tó mọ́lẹ̀ gan-an sí ẹ̀yìn ilé, jìnnà sí oúnjẹ. Lẹ́yìn òjò, kòkòrò abìyẹ́ tó ń jáde látinú ilẹ̀ á lọ bá a níbẹ̀, wọ́n á fi ìrẹsì sílẹ̀.

Ẹ wá ṣírò rẹ̀. Gílóòbù 60 oní-wáàtì mẹ́ta jẹ́ 180. Iná ilẹ̀ 12 oní-wáàtì mẹ́wàá jẹ́ 120. Ẹ̀rọ orin, 1,000. Ẹ̀rọ tó ń tú èéfín, 800. Fírísà méjì, 400. Fáànù mẹ́fà, 450. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ wáàtì 2,950, jẹnẹrétọ̀ 5 kVA sì lè gbé nǹkan bí 4,000. Lórí ìwé, ó tó. Ṣùgbọ́n fírísà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ máa ń fa ìlọ́po mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ẹ̀rọ èéfín náà máa ń tún ara rẹ̀ gbóná léraléra. Bí àwọn méjèèjì bá bọ́ sí àsìkò kan náà, iná á rẹlẹ̀, ẹ̀rọ orin á kú, jẹnẹrétọ̀ á sì lè pa ara rẹ̀. Òkùnkùn biribiri, nínú ọgbà tó kún fún ohun àjèjì, àwọn ọmọdé níbẹ̀, ìyá àgbà níbẹ̀: ìgbà yẹn ni Halloween á wá di ohun tí ẹ ṣèlérí fún àwọn òbí pé kò ní jẹ́. Nítorí náà, ẹ fún iná ní jẹnẹrétọ̀ kékeré tirẹ̀, 2.5 kVA, tàbí ínfátà, kí ohun mìíràn má ṣe fara kàn án. Ẹ jẹ́ kí jẹnẹrétọ̀ méjèèjì wà ní mítà mẹ́fà ó kéré tán sí fèrèsé, níbi tí atẹ́gùn kò ti ní gbé èéfín rẹ̀ wọlé. Bẹntiróòlù kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ da epo sí i nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Ẹ gbé ẹnu ìsopọ̀ gbogbo wáyà kúrò nílẹ̀, sórí búlọ́ọ̀kù, kí ẹ da ike bò ó.

Èéfín fúnfun yẹn, níta gbangba, atẹ́gùn á gbé e lọ kí fọ́tò tó jáde. Ẹ gbé abọ́ yìnyín sí ẹnu ẹ̀rọ náà kí èéfín gba orí rẹ̀ kọjá. Ó máa ń tutù, á sì máa rìn nílẹ̀. Ìṣẹ́jú méjì péré, nígbà tí ìyàwó bá ń wọlé, ó tó. Nínú pálọ̀, ẹ má tàn án rárá, nítorí àwọn tó ní ikọ́ fée.

Kánópì: okùn mẹ́rin, irin mẹ́rin, àpò yanrìn sí ìdí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ibi tí kánópì méjì ti pàdé ni omi òjò ti ń dà bí ọ̀wààrà, ibẹ̀ sì ni àwọn èèyàn máa ń gbé kéèkì sí.

Ní ti ọ̀ṣọ́ yòókù, díẹ̀ ló yẹ. Okùn aláǹtakùn tí wọ́n fi òwú ṣe ń gba iná kíákíá, ó ń mú alángbá, ìyá àgbà kan á sì fi ìgbálẹ̀ gbá a dà nù nítorí ilé tí aláǹtakùn ti ta okùn, ilé ahoro ni. Àwọ̀n ẹja tó ti gbó, tí ẹ pa láró dúdú, dára jù ú lọ. Òwìwí, ológbò dúdú, igún: ẹ fi wọ́n sílẹ̀, àjẹ́ ni àwọn èèyàn máa ń rò. Adán kò burú púpọ̀ bí ó bá kéré, bí ẹ bá sì gé e láti inú páálí aláwọ̀ ọsàn dípò dúdú, ọmọdé á máa rẹ́rìn-ín sí i. Ohunkóhun tó bá fi aṣọ funfun bo ara láti orí dé ẹsẹ̀, rárá. Egungun òkú tí wọ́n fi ike ṣe, rárá. Àmì ohùn nìkan ló ya egungun àti egúngún sọ́tọ̀, kò sì dára kí àlejò máa ṣiyèméjì nípa àmì ohùn lálẹ́.

Oúnjẹ ni ibi tí Ìjẹ̀bú ti borí, torí pé àwọ̀ ọdún náà ti wà nínú ìkòkò wa láìfi ọ̀dà sí i. Ìkòkòrè jẹ́ àwọ̀ ọsàn látọ̀dọ̀ epo pupa. Ọbẹ̀ ayamáṣe dúdú bí alẹ́. Àmàlà pẹ̀lú gbẹ̀gìrì, kí la tún ń wá? Fún àlejò 120, ìrẹsì 20 kìlò tó: 12 fún jọ̀lọ́ọ̀fù, 8 fún ọ̀fadà, tí ẹ máa dì sínú ewé. Ìkòkòrè fẹ́ ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n. Ewùrà 25 kìlò á fún nǹkan bí 80 èèyàn ní abọ́ kékeré. Ẹ rin ín, ẹ jẹ́ kí omi ata, epo, ẹja gbígbẹ, pánlá àti edé hó dáadáa, kí ẹ tó máa fi ọwọ́ ju ewùrà náà sí i ní kókó-kókó. Ẹ má rò ó. Ẹ bò ó, ẹ dín iná kù, ẹ fi í sílẹ̀ fún 20 sí 25 ìṣẹ́jú kí kókó rẹ̀ tó di, lẹ́yìn náà ni ẹ lè fi orógùn yí i díẹ̀. Alásè tó bá tètè rò ó á bá àsáró pàdé. Ìkòkòrè tó bá tutù máa ń le, nítorí náà agogo 6 ni kí ẹ gbé e kaná, kí ẹ bù ú fún àlejò ní agogo 7:30. Epo ayamáṣe ní tirẹ̀, àárọ̀ ni kí ẹ ti yọ́ ọ, lẹ́yìn ilé. Èéfín rẹ̀ máa ń wọ aṣọ òkè, kì í sì í tètè kúrò níbẹ̀. Ẹran inú elégédé tí ẹ gbẹ́, kí ẹ tó wọ́n Jik sí i, ẹ sè é sínú ẹ̀fọ́ gbọ̀ọ̀rọ̀, ewé elégédé kan náà. Sòbòrò, ìyẹn zobo: kìlò kan òdòdó gbígbẹ fún nǹkan bí 25 lítà, nínú ìgò onídèérí, torí pé kì í kúrò lára léèsì. Ẹ má pè é ní ẹ̀jẹ̀, kódà ní àwàdà.

Kéèkì dúdú máa ń kun eyín àlejò. Bí ìyàwó bá ta kú mọ́ ọn, kí oníkéèkì bẹ̀rẹ̀ láti orí ṣokoléètì, kó fi àwọ̀ dúdú tó ṣeé jẹ díẹ̀ sí i, kó sì jẹ́ kó sùn mọ́jú. Àwọ̀ rẹ̀ á jinlẹ̀ sí i fúnra rẹ̀. Bọ́tà orí kéèkì á yọ́ nínú ooru wa, nítorí náà kí wọ́n fi fọ́ńdáǹtì bò ó.

Àwọn ọmọdé nílẹ̀ òkèèrè máa ń lọ láti ojúlé dé ojúlé láti tọrọ súwíìtì. Ẹ má rán ọmọ ọlọ́mọ sí títì lálẹ́. Ẹ to àǹtí márùn-ún sí ẹnu ilẹ̀kùn márùn-ún nínú ilé náà, pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀: gúgúrú, ẹ̀pà, àádùn, súwíìtì, bisikíìtì. Ọmọ tó bá kan ilẹ̀kùn á gbọ́ “Àlọ́ o!”, á dáhùn “Àlọ̀!”, á sì já a kó tó gba nǹkan. Òkun ń hó yee, ọ̀sà ń hó yee, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́. Bí kò bá mọ̀ pé orógùn ni, wọ́n á sọ fún un, á sì gba tirẹ̀ náà. Fún ọmọ 40, ẹ di àpò bébà 50, torí àwọn àgbà á gbà níbẹ̀.

Ẹ fi tó fijilanté àdúgbò tàbí àwọn So-Safe, ẹ̀ṣọ́ Ìpínlẹ̀ Ògùn, létí, kí ẹ sì fi ẹnì kan sí géètì tó mọ ìdílé méjèèjì lójú. Agogo 7, ìyàwó á wọlé. Kí díjéè pa orin, kí iná òkè rẹlẹ̀, kí elégédé nìkan máa tàn. Àwọn ìyàwó ilé á wá pẹ̀lú igbá omi tútù, wọ́n á fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ níwájú ilẹ̀kùn. Ẹ tẹ́ ẹní sí i lábẹ́, kí sìmẹ́ńtì tútù má yọ̀ ọ́, kí ẹ sì gbé wáyà iná kúrò ní ibi tí omi náà máa ṣàn dé. Ẹni tó ń ya fọ́tò gbọ́dọ̀ ti dúró sí inú ilé, kó kọjú síta, kí elégédé lè wà lẹ́yìn ìyàwó. Kò sí èyí tí wọ́n máa tún ṣe.

Ní òwúrọ̀ Àìkú, ẹ yọ bátìrì kúrò nínú iná LED kí wọ́n tó kó o sínú páálí, torí bátìrì tó bá sùn síbẹ̀ máa ń sun omi, á sì jẹ irin rẹ̀. Akèrègbè á lọ sí àjà títí di ọdún tó ń bọ̀. Elégédé tó ti mu Jik, ẹ má fún ewúrẹ́. Ẹ là á sí wẹ́wẹ́, kí ẹ rì í sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Kóró tí ẹ ti yọ lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹ sá a sí òjìji fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ din èyí tí ẹ fẹ́ jẹ, kí ẹ sì tọ́jú nǹkan bí ogún kóró sínú ìgò láti gbìn nígbà òjò àkọ́rọ̀.